Àtúntò wo ni wọ́n ń wí? Lórí àwọn òṣìṣẹ́ tí a lé ní ilé ìfọpo Lẹ́kí

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n lé ní 800, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ti kà wọ́n, gba lẹ́tà kan náà ní ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Lẹ́tà náà kò gùn. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti rí i pé àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́ ní oríṣiríṣi ẹ̀ka ilé ìfọpo náà, pé ó ti di ewu ńlá, pé nítorí ìdí èyí ó di dandan láti tún gbogbo ilé-iṣẹ́ tò, àti pé láti ọjọ́ 25 oṣù náà, a kò nílò iṣẹ́ ẹni tí ó gba lẹ́tà mọ́. Kí ó dá ohun ìní ilé-iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, kí ó máa lọ. Ẹ̀ka ìṣúná yóò ṣírò ohun tí ó bá tọ́ sí i.

Àwa tí ń gbé Pọ́bẹ̀, Ìgànà, Sakété àti Ìfàǹyìn kò lè ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ń ka ti ilẹ̀ òkèèrè. Èkó sún mọ́ wa ju Parakou lọ. Ọ̀nà kan náà ni ẹ̀gbọ́n gbà lọ ṣe bíríkìlà, tí àbúrò gbà lọ kọ́ iṣẹ́ jórinjórin, tí ìyá gbà lọ kó ọjà. Iye tí wọ́n bá ń ta epo lọ́hùn-ún ni ó sì ń pinnu iye tí a ó rà á ní etí títì Sakété. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń lé ènìyàn ní Lẹ́kí, ẹ̀tọ́ wa ni láti bèèrè ìdí, bí wọn kò tilẹ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa.

Ohun tí a fẹ́ bá jà gan-an ni ọ̀rọ̀ kan tí ó wà nínú lẹ́tà náà: àtúntò. Àwọn tí ń ka apá Faransé ìwé ìròyìn wa mọ ìkejì rẹ̀, restructuration. Ọ̀rọ̀ tí ó mọ́ tónítóní ni. Ẹni tí ń tún àga tò nínú yàrá kò ju àga síta. Ẹni tí ń tún ìwé tò kò sun ìwé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́wọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tún nǹkan tò kí ènìyàn má ti ibẹ̀ di aláìníṣẹ́. Àwọn bàbá wa tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ọmọ ìyá ọ̀rọ̀ náà mìíràn. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Benin fọwọ́ sí ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé pẹ̀lú Báǹkì Àgbáyé àti FMI ní 1989, tí owó-oṣù kò lọ déédéé mọ́, tí ìgbaniṣíṣẹ́ ti dúró, orúkọ tí wọ́n sọ ìlénilẹ́nu-iṣẹ́ ni départ volontaire, ìkúrò-níbi-iṣẹ́ àtinúwá. A bá ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀ dàgbà. A kò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tí inú rẹ̀ ni ó ti wá.

Kí a tó máa jà lọ, ó yẹ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan gbọ́ apá kan, wọn kò gbọ́ èkejì. Lẹ́tà náà dé. PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ epo àti gáàsì ní Nàìjíríà, tí Festus Osifo jẹ́ ààrẹ rẹ̀, sọ pé kò sí abaṣẹ́jẹ́ kankan níbẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn náà kò ju pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà sẹ́. Wọ́n ní àwọn díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n lé ní 3,000 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ dáwọ́ fífi gáàsì àti epo rọ̀bì ránṣẹ́ sí ilé ìfọpo náà dúró, lẹ́yìn náà ó kéde ìyanṣẹ́lódì jákèjádò Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 29, ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ní Àbújá pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Mínísítà ètò iṣẹ́, Muhammad Dingyadi, pe ìhà méjèèjì jọ. Ìpàdé náà kò parí títí ilẹ̀ fi mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ọjọ́ tí Nàìjíríà ń ṣe àjọ̀dún òmìnira. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn jáde: wíwà nínú ẹgbẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ lábẹ́ òfin, àwọn tí a ti lé, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó jẹ́ ti Dangote láìdín owó-oṣù wọn kù, kí a má ṣe fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìjà náà. Báyìí ni ìyanṣẹ́lódì dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí a dúró síbi àdéhùn yìí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn inú lẹ́tà àkọ́kọ́ ti tú síta. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ba ẹ̀rọ jẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ kí iná jó ibi tí a ti ń fọ epo, ta ni yóò kó irú wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì rẹ̀, tàbí síbi tí ó ti ń ṣe ṣúgà? Bàbá wo ni yóò mú olè kúrò nínú àká, tí yóò wá fi ṣọ́ abà? Tí ó bá sì jẹ́ pé wọn kò ṣe nǹkan kan, kí ni ọ̀rọ̀ ìbaṣẹ́jẹ́ ń wá nínú lẹ́tà tí a fún wọn? Kò sí ọ̀nà kẹta. Yálà ilé-iṣẹ́ náà gbà láti kó ọ̀daràn lọ sí àárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, èyí tí kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò gbà, tàbí ó fi ọ̀rọ̀ ọ̀daràn kan ènìyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni a gbàgbọ́.

A kò sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ba nǹkan jẹ́ ní Lẹ́kí rí. Ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní ọmọ búburú. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbaṣẹ́jẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní orúkọ, tí ó ní ọjọ́, tí ó ní ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é ni a ń mú. A ó pè é, a ó ka ẹ̀sùn sí i létí, yóò fèsì, ẹlẹ́rìí yóò sọ̀rọ̀. Ní àgbègbè wa níhìn-ín, bí ewúrẹ́ bá sọnù ní agboolé kan, baálé kì í lé gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin ilé náà jáde ní alẹ́ ọjọ́ kan kí ó tó wá wá ẹni tí ó jí i. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnì-kan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni àwọn baba wa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Níbi ọ̀rọ̀ Lẹ́kí yìí, ẹjọ́ ẹnì kan pàápàá ni a kò gbọ́. Lẹ́tà kan náà ni a tẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹ sì wo ohun tí ó ń tẹ̀lé e: ẹni tí ó mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí yóò ti wá iṣẹ́ mìíràn, kí ni yóò sọ? Pé wọ́n tún ilé-iṣẹ́ òun tò? Agbanisíṣẹ́ tuntun yóò ka ìlà àkọ́kọ́, yóò sì rí ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ níbẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí kò jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ náà gbọ́. Nínú oṣù kan náà, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, NUPENG, ẹgbẹ́ kejì tí àwọn awakọ̀ ọkọ̀ epo wà nínú rẹ̀, ti yan iṣẹ́ lódì. Kí ni ìjà náà dá lé? Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tuntun tí Dangote rà, tí wọ́n ń lo gáàsì, àti bóyá àwọn tí yóò wà wọ́n lè wọ ẹgbẹ́. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú àdéhùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí lẹ́tà àtúntò fi jáde. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wáyé ní ìgbà méjì láàrin oṣù kan, ní ẹnu ọ̀nà méjì ilé kan náà, kò yẹ kí a tún máa wá ìdí rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn abaṣẹ́jẹ́. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 40, fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ tàbí láti wọ èyí tí ó wà. Òfin iṣẹ́ wọn, ní abala 20, sì sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, agbanisíṣẹ́ yóò sọ ìdí àti iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn fún ẹgbẹ́ tàbí aṣojú wọn, àti pé ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá dọ́gba. A wá bèèrè: nínú àwọn tí wọ́n lé, ta ni ó wá kẹ́yìn? Ta ni ó bá ta ni sọ̀rọ̀?

Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọn kò fẹ́ gbọ́ ohun tí a ń sọ yìí. A bọ̀wọ̀ fún wọn, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa. Wọ́n ní: ẹ fi Aliko Dangote sílẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ni. Ó ná nǹkan bí 20 bílíọ̀nù dọ́là síbi tí àwọn ìjọba ti kùnà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kọ́ ilé ìfọpo tí ó lè fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Nàìjíríà tí ó ń wa epo láti ọdún 1956 tí ó sì ń ra ẹsáǹsì lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, òun ni ó gbà á lọ́wọ́ ìtìjú. Bí ẹ bá ń bá a jà, ta ni yóò tún dá irú rẹ̀ sílẹ̀?

Àwa náà mọ rírì iṣẹ́ náà, a sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ọ? Owó nìkan kì í gbé òkúta lé òkúta. Àwọn tí wọ́n pọ́n irin, tí wọ́n da kọnkéré, tí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ lóru ní oṣù àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo ní 2024, àwọn náà ni ó gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú. Bí a bá fẹ́ yin ọmọ Áfíríkà, ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n tán. Ẹni tí ó bá ní kí a dákẹ́ nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni olówó náà, ó ń sọ fún aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ pé òun kì í ṣe ọmọ Áfíríkà tó.

Owó kò sì ní àwọ̀. Ní ọdún 2025 kan náà, ẹ wo ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe fún àwọn ènìyàn tiwọn. Ní oṣù kìíní, BP ní òun yóò dín òṣìṣẹ́ 4,700 kù, yóò sì tún yọ 3,000 nínú àwọn alágbàṣe. Ní oṣù kejì, Chevron ní ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ òun ni yóò lọ kí ọdún 2026 tó parí. Ní oṣù keje, Chevron yìí kan náà parí rírà tí ó ra ilé-iṣẹ́ Hess ní 53 bílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù kẹsàn-án, ConocoPhillips ní ìdá 20 sí 25. Ní ọjọ́ tí oṣù náà ń parí, tí àwọn ará Àbújá ṣì jókòó sí ìpàdé lórí Lẹ́kí, ExxonMobil kéde 2,000. Kì í ṣe pé epo tán nínú ilẹ̀. Kì í ṣe pé owó tán nínú àpò. Ẹni tí ó rí 53 bílíọ̀nù ra aládùúgbò rẹ̀ kò lè sọ fún wa pé òun kò rí owó-oṣù san. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn onípìn-ín ń retí èrè wọn ní àsìkò, owó òṣìṣẹ́ sì ni ó rọrùn jùlọ láti gé.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ó dun àwọn tí ń gbèjà Lẹ́kí. Chevron sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọdún kan àti oṣù mélòó kan ṣáájú. Kò pè wọ́n ní abaṣẹ́jẹ́. Ìwà ọ̀wọ̀ tí kò náni ní kọ́bọ̀ yìí, kí ni ó ṣòro níbẹ̀?

Ní ti PENGASSAN, a kò ní fi òdodo pamọ́. Fífún ọ̀nà gáàsì pa jẹ́ ohun ìjà tí kò mọ ẹni tí yóò bà. Gáàsì ni ó ń mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná Nàìjíríà wá. Ẹni tí ó ń rán aṣọ ní Abẹ́òkúta tàbí tí ó ń ta ẹja yìnyín ní Ìpókíá kò bá Dangote jẹun, kò sì yẹ kí ó bá a gba ẹgba. Bí ìyanṣẹ́lódì náà bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyà rẹ̀ ìbá dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà lẹ́bi jù, àwọn náà ni wọn kò sọ ohunkóhun ní ọjọ́ 25. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohùn. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pẹ̀lú pé láìsí ìyanṣẹ́lódì yìí, kò ní sí ìpàdé, kò ní sí àdéhùn. Lẹ́tà náà ni ìbá jẹ́ òpin ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má rò pé àwọn tí wọ́n gba lẹ́tà ní Lẹ́kí nìkan ni epo ti lé lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí a mọ̀ jù ni àwọn tí kò gba lẹ́tà kankan. Ta ni nínú wa tí kò ní ẹbí tí ó ti ta kpayo rí? Ìgò tí ó tò lórí tábìlì ní etí títì, bídọ́ọ̀nù tí a dì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù láti Ìgólò: owó ilé-ìwé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ibẹ̀ wá, àwa tí a ń kọ́ yín sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu sọ níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, iye kpayo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tí owó wọn kéré kò lè ra ọjà mọ́. Wọ́n palẹ̀ tábìlì wọn mọ́. Kò sí ẹni tí ó ka iye wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí ní Sẹ̀mẹ̀-Kpodji, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgbọ̀n. Lẹ́yìn ọdún méjì gééré ni lẹ́tà Lẹ́kí jáde. A mọ̀ pé òwò náà lòdì sí òfin, a sì mọ̀ pé ó léwu. A kò kọ èyí láti fi gbé e ga. A kọ ọ́ nítorí pé ẹni tí ń ta ìgò méjì lẹ́bàá ọ̀nà àti onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń gba owó ńlá ní Lẹ́kí wà lábẹ́ àṣẹ kan náà: ìpinnu tí a ṣe níbi tí wọn kò sí, ní ọjọ́ tí wọn kò mọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bọ̀ wálé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá jù. Àwọn àgbà Pọ́bẹ̀ kò nílò kí a ṣàlàyé fún wọn ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá jẹ́. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀ láti 1922, tí epo pupa fi jẹ́ epo kan ṣoṣo tí a mọ̀. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onígbólò, tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni lẹ́yìn náà. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láyé ìjọba àti láyé aládàáni lè sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ju bí a ti lè kọ ọ́ lọ. Ní ti epo rọ̀bì, wọ́n rí i ní etíkun Sẹ̀mẹ̀ ní 1968, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ní 1982, wọ́n sì dáwọ́ dúró ní 1998. Ní 2025, Akrake Petroleum, tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan láti Singapore, tún gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀ láti tún un gbẹ́. Ọ̀pá epo tí WAPCO fà láti Agadem ní Niger, tí ó gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà, dé etíkun wa, ọkọ̀ òkun sì kọ́kọ́ gbé epo níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní físíìsì àti ìmọ̀ ìṣirò lónìí ni yóò lọ wá iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́la.

Kí ni yóò dáàbò bò wọ́n? Ẹ ṣí òfin 2017-05 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ó gbà kí a máa tún àdéhùn iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ṣe títí láé, kí ènìyàn máa jẹ́ àlejò ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ títí irun rẹ̀ yóò fi funfun. Bí agbanisíṣẹ́ bá lé ènìyàn láìtọ́, tí adájọ́ pàápàá sì sọ pé kò tọ́, owó gbà-máà-bínú tí yóò san kò gbọdọ̀ ju owó-oṣù mẹ́sàn-án lọ. Oṣù mẹ́sàn-án: ìwọ̀n oyún kan. Ẹni tí ó fi ogún ọdún sin ilé-iṣẹ́, oyún kan ni. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní bílíọ̀nù lè ṣírò ìwà àìtọ́ rẹ̀ ṣáájú kí ó tó hù ú, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìnáwó ọdún gẹ́gẹ́ bí ẹni ń kọ owó iná. Ẹ tún wo òfin 2018-34 ti ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2018, èyí tí àwa olùkọ́ mọ̀ sórí: ìyanṣẹ́lódì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lọ́dún, kò gbọdọ̀ ju méje lọ ní ìdajì ọdún, kò gbọdọ̀ ju méjì lọ lóṣù. Bí ọ̀rọ̀ Lẹ́kí bá ṣẹlẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, ọjọ́ méjì péré ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù mìíràn tó wọlé. Òfin Nàìjíríà kò pé, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣì rí àyè mí. Àwa ni a fẹ́ fún ara wa lọ́rùn kí epo tó jáde.

Àwọn kan yóò sọ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa olówó wá sí orílẹ̀-èdè. Niger tí ó wà ní ìdí ọ̀pá epo náà kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba wọn lé àwọn ọ̀gá Ṣáínà mẹ́ta tí ń darí iṣẹ́ epo kúrò ní ìlú, ó sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà pé owó-oṣù àjèjì jìnnà réré sí ti ọmọ ilẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà. A kò fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ìjọba ológun Niamey ń ṣe, a kò sì ní kí Benin lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n bèèrè ìbéèrè tí kò sẹ́ni tí ó bèèrè rẹ̀ ní Kútọnu: èló ni ẹ ń san, ta sì ni ẹ ń san án fún?

Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀, a sì lè sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. A fẹ́ kí apá tí ó kan òṣìṣẹ́ nínú àdéhùn epo Sẹ̀mẹ̀ di ohun tí ará ìlú lè kà, kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì yan aṣojú wọn láìbẹ̀rù lẹ́tà. A fẹ́ kí àwọn aṣòfin tí a dìbò fún ní Plateau mú òfin 2017 padà sórí tábìlì, kí gbèdéke oṣù mẹ́sàn-án má ṣe kan ìlénilẹ́nu-iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n bá tún wá bá wa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, kí ẹ̀yin òbí bèèrè èyí lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó bèèrè aṣọ àti ìrẹsì.

Èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Èdè Faransé nìkan ni wọ́n fi kọ òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ti Lẹ́kí, èdè Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa fi ń ronú nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ sí ìwé. Ìwé ìròyìn elédè méjì ni tiwa. Kì í ṣe oríkì àti ìtàn ìlú nìkan ni ó yẹ kí a máa tẹ̀ sínú rẹ̀. A dábàá pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú nọ́ńbà tí ń bọ̀, kí a máa tẹ òfin iṣẹ́ ní Yorùbá, ojú ewé kan ní ìgbà kan, pẹ̀lú ti Faransé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn olùkọ́ mélòó kan ti ní àwọn yóò kọ́wọ́ tì í. Abala tí a fẹ́ kọ́kọ́ túmọ̀ ni èyí tí ó sọ pé agbanisíṣẹ́ tí ó bá fẹ́ lé ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà.